Ewé àti Omi Àgbo: Ohun Tó Wà Nínú Oògùn Kòkòrò-Àrùn

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìgbáyé-gbádùn bá àwọn ará ibùdó oko sọ ní Lọ́kọ́ja

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ oògùn ni. A mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti pe "apakòkòrò" láàárín àgbẹ̀, ọkàn gbogbo wa a máa lọ sí inú kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn ilé. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí a ń gbé mì tàbí tí a ń fún ọmọ mu ni a ń wí, irú èyí tí dókítà máa ń kọ fún wa nígbà tí kòkòrò-àrùn bá wọ ara: amoxicillin, ampicillin, tetracycline, Septrin, Flagyl àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Oògùn kòkòrò-àrùn ni a ó máa pè wọ́n títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé, nígbà tí a ń yà láti ojúlé dé ojúlé láti kọ orúkọ àwọn ọmọdé sílẹ̀, kò sí ilé tí a dé tí a kò bá irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rá ni púpọ̀ wọn wà, tàbí nínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Kápúsù pupa òun yẹ́lò, kápúsù dúdú òun pupa, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ bí àgbàdo òun ẹ̀wà. Kò sí páálí, kò sí orúkọ. Bí a bá béèrè pé kí ni eléyìí, wọn a ní, "Pupa òun yẹ́lò ni ti inú rírun. Dúdú òun pupa ni ti egbò, títú ni a ń tú u sí i lójú."

Ẹ̀yin ará wa, àwọ̀ kọ́ ni oògùn. Ẹni tó ṣe kápúsù ló yan àwọ̀ tó wù ú. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ṣe oògùn kan náà ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn méjì tí kò bára tan rárá lè wọ aṣọ kan náà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí a ń gbé mì, orúkọ tó wà lára páálí ni a ó wò. Kí orúkọ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ̀ pé apá méjì ni oògùn kọ̀ọ̀kan pín sí.

Gbogbo wa la mọ àgbo. A ó já ewé, a ó gé èèpo igi, a ó kó wọn sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ewé kì í dá rìn lọ sínú ikùn. Omi ni a fi ń sè é, tàbí omidùn, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá jẹ́ àgúnmu, ẹ̀kọ gbígbóná ni a ó fi mu ún. Ẹ̀kọ gbígbóná kò wo àìsàn kankan, òùngbẹ nìkan ni omi ń pa. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí wọ́n gbé ewé dé ibi tí ewé yóò ti jà. Bí alábàárù ṣe ń gbé ẹrù nínú ọjà nìyẹn: òun kọ́ ló ni ọjà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ọjà kò ní kúrò nílẹ̀.

Bákan náà ni oògùn òyìnbó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá kòkòrò-àrùn jà. Èròjà aṣiṣẹ́ ni a ó pe ìyẹn. Àwọn yòókù kì í pa kòkòrò kankan, èròjà alábàárù ni a ó pe àwọn.

Ẹ mú kápúsù amoxicillin 250. Òǹkà 250 yẹn ni ìwọ̀n amoxicillin tó wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù 250, ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù 1. Amoxicillin ni aṣiṣẹ́. Èèpo kápúsù náà alábàárù ni, aró tó wà lára èèpo alábàárù ni, ìyẹ̀fun díẹ̀ tí wọ́n fi sí i kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ alábàárù ni pẹ̀lú. Nínú oògùn ọmọdé olómi, alábàárù tilẹ̀ ló pọ̀ jù. Nínú ìwọ̀n 5 ml, èyí tí í ṣe ṣíbí oògùn kan, amoxicillin mílígíráàmù 125 péré ló sábà máa ń wà. Ìyókù jẹ́ omi, ṣúgà, òórùn èso, àti ohun tí kò jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́. Nínú oògùn oníhóró ẹ̀wẹ̀, sítáàṣì àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, àní ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń gbìn yìí. Sítáàṣì ni kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun tú ká nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, òun náà ló sì ń wú nígbà tí omi inú ikùn bá kàn án, tí hóró oògùn yóò fi fọ́. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹ̀yin àgbẹ̀ wà nínú páálí oníṣègùn!

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí kì í pa kòkòrò, ohun yẹpẹrẹ ni. Ẹ jẹ́ kí a mú erythromycin. Omi kíkan inú ikùn máa ń ba aṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi nǹkan wé irú àwọn hóró rẹ̀ kan, tí kò ní yọ́ títí yóò fi kọjá inú ikùn bọ́ sínú ìfun. Àwa ẹ̀wẹ̀, tí ọmọ kò bá lè gbé e mì, a ó gbé e sí ẹnu ọlọ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ. A ti bọ́ ẹ̀wù ogun lọ́rùn ọmọ ogun kí ó tó dé ojú ìjà. Bí ọmọ kò bá lè gbé hóró mì, ẹ sọ fún oníṣègùn kí ó fún un ní olómi. Ẹ má ṣe lọ oògùn, ẹ má ṣe tú kápúsù, àfi bí ẹni tó fún yín bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun inú kápúsù kì í ṣe oògùn ojú egbò. A kò ṣe é ní mímọ́ tó fún ojú egbò, àti alábàárù àti aṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò dì sójú egbò bí ìpẹ́, tí ọyún yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mímọ ìwọ̀n aṣiṣẹ́ yìí, ó ní ìtàn nílẹ̀ tí a wà yìí gan-an. Ní 1841, àwọn òyìnbó gba ojú odò Ọya wá, wọ́n sì dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tí odò Ọya òun Bẹ́núé ti pàdé. Ẹ lè pè é ní Sẹ́tímẹ́ńtì àkọ́kọ́ ní agbègbè yìí. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko yẹn kò sì ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1854, dókítà kan tí ń jẹ́ William Balfour Baikie wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi Pleiad. Ó mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kíníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó mú wọn. Kò sí òyìnbó kan ṣoṣo tó kú nínú wọn ní ìrìn-àjò náà. Baikie yìí náà ló padà wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja.

Kíníìnì, oògùn ibà ni, kì í ṣe ti kòkòrò tí à ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Èèpo igi ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n á lọ èèpo, wọ́n á pò ó mọ́ ọtí, wọ́n á mu ún. Èèpo igi kan lè ní agbára, kí ti èkejì má ní. Kò sí ẹni tó lè sọ iye tí òun mu. Ní 1820 ni àwọn ará Fáransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ aṣiṣẹ́ kúrò nínú èèpo náà, ó wá di ohun tí a lè wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Baikie mọ iye tí ó ń fún ènìyàn.

Àwọn oògùn kòkòrò-àrùn náà, inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Èyí àkọ́kọ́ nínú ìdílé tetracycline, tó jáde ní 1948, lára iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní oko ìwádìí Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe é. Iyẹ̀pẹ̀ oko! Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí lọ máa bu ilẹ̀ lá o.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí orúkọ. Orúkọ méjì ni oògùn ń jẹ́: orúkọ ọjà, tí ilé-iṣẹ́ fún un, àti orúkọ aṣiṣẹ́. Orúkọ ọjà ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Orúkọ aṣiṣẹ́ a máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Èyí kékeré yẹn ni kí ẹ máa wá.

Septrin, orúkọ ọjà ni. Bactrim, orúkọ ọjà ni. Aṣiṣẹ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì, co-trimoxazole, tí ó jẹ́ pé méjì ni wọ́n so pọ̀: sulfamethoxazole mílígíráàmù 400 àti trimethoprim mílígíráàmù 80 nínú hóró kan. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba ìdílé sulfa yìí. Ara wọn lè yún, ó lè lé ròrò, ẹnu àti ojú lè bó. Tó bá le, awọ ara lè máa ṣí bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, ó sì lè la ikú lọ. Ẹni tí Septrin bá ṣe báyìí, tí ó búra pé òun kò tún ní fẹnu kan Septrin mọ́, tí wọ́n wá fún un ní Bactrim ńkọ́? Yóò gbé e mì tayọ̀tayọ̀. Fansidar tí àwọn kan ń lò fún ibà, aṣiṣẹ́ kan nínú rẹ̀ ni sulfadoxine, ọmọ ìdílé sulfa kan náà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ orúkọ ọjà nìkan kò mọ nǹkan kan.

Ti penicillin náà nìyẹn. Amoxicillin, ampicillin, Ampiclox tí ó jẹ́ ampicillin pẹ̀lú cloxacillin, Augmentin: ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí ara ènìyàn bá kọ ọ̀kan, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí nínú wọn fún un. A sì ti rí ẹni tí ń lo amoxicillin láàárọ̀, Ampiclox lálẹ́, tí ó ń rò pé oògùn méjì tó yàtọ̀ ni òun ń lò.

Ẹnìkan bi wá léèrè pé kí ló dé tí a fi ń pe Augmentin ní 625. 500 ni amoxicillin, 125 sì ni clavulanic acid. Èkejì yìí, òun gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń já amoxicillin sí wẹ́wẹ́. Clavulanic acid ló ń di wọ́n lọ́wọ́ mú kí amoxicillin lè ráyè lù wọ́n. Nítorí náà, aṣiṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe alábàárù.

Ó ya wá lẹ́nu pé ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ewéko, ẹ mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ ó gbé kẹ́ẹ̀gì glyphosate lọ́wọ́, ẹ ó wò ó bóyá gíráàmù 360 nínú lítà kan ni wọ́n kọ sí i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ó ní ọjà náà kò dáa. Ẹ jọ̀wọ́, ojú tí ẹ fi ń wo oògùn èèkan ni kí ẹ fi wo oògùn ọmọ yín.

A dé ibi tó ba ni nínú jẹ́ jù báyìí. Púpọ̀ nínú wa ń rò pé bí aṣiṣẹ́ bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Alábàárù lè pa ènìyàn.

Ní 1937 ní Amẹ́ríkà, sulfanilamide, tí ó jẹ́ ti ìdílé sulfa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ni oògùn kòkòrò-àrùn tí gbogbo ayé ń wá. Hóró àti ìyẹ̀fun ni. Ilé-iṣẹ́ S. E. Massengill ní Tennessee fẹ́ ṣe é ní olómi, kí ó lè rọrùn fún ọmọdé. Ìyẹ̀fun náà kò yọ́ dáadáa nínú omi. Wọ́n wá ohun tí yóò yọ́ ọ, wọ́n rí diethylene glycol, omi kan tó dùn lẹ́nu. Wọ́n fi òórùn èso sí i, ó sì dùn ún mu. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n wọn kò dán an wò bóyá ó lè ṣe ènìyàn ní ibi. Májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ni diethylene glycol. Ènìyàn tó lé ní 100 ló kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ sulfanilamide inú rẹ̀ pé, kò lábùkù. Òfin ilẹ̀ wọn nígbà náà kò tilẹ̀ ní kí a dán oògùn wò kí a tó tà á. Ohun tí ìjọba rí dì mú láti fi gba àwọn ìgò náà padà ni pé wọ́n pè é ní "elixir", orúkọ tó yẹ fún oògùn tó bá ní ọtí nínú, tirẹ̀ kò sì ní ọtí. Nítorí orúkọ! Lọ́dún kejì, ní 1938, wọ́n ṣe òfin tuntun.

Bí ẹ bá ní Amẹ́ríkà jìnnà, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní 1990, omi kan náà yìí wọ inú paracetamol olómi ní Nàìjíríà, ó sì pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní 1993 ni ìjọba ṣe òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí 2008, ó tún ṣẹlẹ̀. Oògùn eyín ọmọ ni, My Pikin ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàárù ni propylene glycol. Diethylene glycol ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ìyá fún ọmọ nítorí eyín tó ń hù, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìtọ̀ dá. Ọmọ 84 ló kú kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀ ní 2009. Ní 2022, oògùn ikọ́ olómi tí wọ́n kó wá láti Íńdíà pa nǹkan bí ọmọ 70 ní Gámbíà, ohun kan náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Paracetamol àti oògùn ikọ́ kì í ṣe oògùn kòkòrò-àrùn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo oògùn olómi ló ní alábàárù, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó jẹ́ májèlé. Ó dùn, ó mọ́ gaara. Nítorí náà ni a fi ń pariwo pé ẹ má ṣe ra oògùn ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé e kiri nínú ọkọ̀ tàbí lórí kẹ̀kẹ́. Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ilé ìwòsàn, ni kí ẹ lọ. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Àwọn oògùn kan tún ní ibi tí a ń họ lára páálí. Nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ ni a ó fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì fèsì bóyá ojúlówó ni. Bí ọmọ bá lo oògùn olómi kan, tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín kù tàbí tí ó dá, ẹ má ṣe wá àgbo. Ẹ gbé ọmọ àti ìgò oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti amoxicillin ọmọdé tó jẹ́ ìyẹ̀fun nínú ìgò, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fi alábàárù sí i. Omi ni. Ẹ má ṣe pọn omi odò Ọya sí i ní tútù. Ẹ sè é kí ó hó, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó dà á dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára ìgò. Kí ó má kọjá rẹ̀, kí ó má sì dín. Bí omi bá pọ̀ jù, aṣiṣẹ́ inú ṣíbí kọ̀ọ̀kan dín nìyẹn. Ẹ mì ín kí ẹ tó bù ú ní gbogbo ìgbà, nítorí aṣiṣẹ́ a máa sílẹ̀ sí ìdí ìgò bí èlùbọ́ nínú omi. Ọmọ tí a kò mì fún, omi ṣúgà ni yóò mu lọ́jọ́ kìn-ín-ní, gbogbo agbára oògùn yóò sì kó jọ dè é lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ṣíbí inú páálí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ọbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà máa ń kọ pé ó lè lò, òmíràn 14. Ẹ dà á nù lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ de àbúrò.

Ooru ìlú wa yìí, ọ̀tá oògùn ni. Ní 1963, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn àwọn tó lo tetracycline tó ti bàjẹ́, tí kíndìnrín wọn sì dàrú. Ara wọn padà yá lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń sọ aṣiṣẹ́ náà di nǹkan mìíràn, wọ́n sì tún rí i pé citric acid, tí í ṣe alábàárù inú kápúsù ìgbà náà, ń bá a lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, agolo tó wà lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa, kì í ṣe ibi oògùn. Lẹ́yìn omíyalé 2012 àti ti 2022, a gbọ́ pé àwọn kan ń sá oògùn tí omi bà gbẹ, wọ́n sì ń lò ó. Oògùn tí omi ti bà ti kú. Ẹ kó o lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá yín sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe dà á sí odò.

Ẹ̀yin olùtọ́jú adìyẹ, tiyín nìyí. Ìyẹ̀fun oxytetracycline tí ẹ ń pò mọ́ omi adìyẹ, òǹkà wà lára rẹ̀: 5%, tàbí 20%. Nínú gíráàmù 100 èyí àkọ́kọ́, aṣiṣẹ́ gíráàmù 5 ló wà; nínú ti èkejì, 20. Ìyókù jẹ́ alábàárù, bíi ṣúgà. Ṣíbí kan ti èkejì jẹ́ ṣíbí mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́ tí ẹ ń sọ fún ara yín pé, "Ṣíbí méjì ni mo máa ń fi sí i," láìsọ èwo. Bí ó bá kéré jù, kò ní pa kòkòrò tán. Èyí tó bá kù ni yóò bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì mọ oògùn náà lójú, bí èèkan tí a fọ́n oògùn díẹ̀ sí ṣe ń padà hù pẹ̀lú agídí. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ adìyẹ nìkan. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó ta ẹyin tàbí kí ẹ tó pa adìyẹ. Ẹ má ṣe fún adìyẹ ní kápúsù ènìyàn, ẹ má sì ṣe gbé oògùn adìyẹ mì. Àwọn alábàárù inú rẹ̀, adìyẹ ni wọ́n fi wọ́n sí i fún.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn Mùsùlùmí wa bi wá, ìbéèrè gidi sì ni. Wọ́n ní kí ni wọ́n fi ń ṣe èèpo kápúsù? Gelatin ni púpọ̀ nínú wọn. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó lè jẹ́ ti màlúù, ó sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. A kò lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́. Àwọn kápúsù mìíràn wà tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe, oògùn kan náà sì sábà máa ń wà ní hóró tàbí ní olómi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un. Kí ó má ṣe gbà á wálé tán kí ó wá sọ ọ́ nù, kí àìsàn máa ṣe é. Àwọn tí mílíìkì máa ń dà láàmú náà, kí wọ́n sọ ọ́, nítorí ṣúgà inú mílíìkì, lactose, wà nínú oògùn oníhóró púpọ̀.

A kì í ṣe dókítà, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ wa dá oògùn tí dókítà fún un dúró. Ẹ lò ó bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ìyá ilé kọ̀ọ̀kan kó gbogbo oògùn tó bá wà nílé rẹ̀ wá, pẹ̀lú páálí wọn bí ó bá ṣì wà. A ó bẹ nọ́ọ̀sì kí ó wá jókòó pẹ̀lú wa. Èyí tó bá ní orúkọ, a ó kọ orúkọ aṣiṣẹ́ rẹ̀ ní èdè tí ẹ lè kà sára ìwé pélébé kan, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí oògùn kan bá ti ṣe ní ibi rí, a ó kọ orúkọ aṣiṣẹ́ náà sínú káàdì rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa. Èyí tí kò bá ní orúkọ kankan, inú àpótí tí nọ́ọ̀sì yóò gbé wá ni yóò lọ. Agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì.